Àgbà Kì í Wúkọ́ ní Abà Ọ̀dọ̀fin

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu ìkòkò omi ìyá mi lọ, inú irú abúlé tí Fọlá ń fi ìka tẹ̀ lójú ẹ̀rọ yẹn ni mò ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Dámi, ìwọ lo ní kí n sọ̀rọ̀, jókòó dáadáa. Fọlá, ìwọ náà, fi géèmù yẹn sílẹ̀ ná, wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ.

Mo wò ó lánàá nígbà tó ń gbá a. Ọba kan wà níbẹ̀, àwọn ìjòyè wà lábẹ́ ọba, ìjòyè kọ̀ọ̀kan ní abúlé tirẹ̀ nínú igbó, ilé mẹ́ta níbí, ilé márùn-ún lọ́hùn-ún. Fọlá ń fi ìka kan kó àwọn ará abúlé kúrò níbí lọ síbòmíràn. Mo ní, "Fọlá, ṣé o bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ?" Ó ní, "Grandma, they're not real." Ó sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo lọ sínú yàrá mi.

Ẹ gbọ́. Abà Ọ̀dọ̀fin ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n bí mi sí. Ọ̀dọ̀fin yẹn, ìjòyè ńlá ni nínú ìlú. Ìlú wo? Ìlú náà la máa ń pè é, àwa kì í pe orúkọ mọ́ ọn. "Ọ̀dọ̀fin wà ní Ìlú." "Wọ́n ti ránṣẹ́ láti Ìlú." Mi ò fojú kan Ọ̀dọ̀fin rí títí mo fi kúrò níbẹ̀. Bàbá mi náà ò rí i rí. Ṣùgbọ́n òun ló ni wá. Òun ló ni ilẹ̀, òun ló ni igi, òun ló ni odò tí à ń pọn. Abà wa kéré débi pé tí ẹ bá dúró sí iwájú ilé wa, ẹ lè kí gbogbo wa pé ẹ kú àárọ̀ láìgbé ẹsẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú igbó nígbà náà. Ọ̀tún ní tirẹ̀, Balógun ní tirẹ̀, ìyàwó ọba pàápàá ní tirẹ̀. Ogun ló lé àwọn baba ńlá wa dé ibẹ̀, Ọ̀dọ̀fin ayé ọjọ́un sì ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa dáko, kí wọ́n máa gbé iṣu wá fún òun.

Ẹ̀yin á ní, kí ló burú níbẹ̀? Òfin ló burú. Ẹ kò gbọdọ̀ gbin obì. Ẹ kò gbọdọ̀ gbin kòkó. Àgbàdo, iṣu, ẹ̀gẹ́, ohun tí ẹ máa kó tán nílẹ̀, ìyẹn ni tiyín. Igi tó máa dàgbà, tí ọmọ yín máa bá níbẹ̀, rárá o. Ẹni tó gbin igi lè jí lọ́la kó sọ pé òun ló nilẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ní HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, níbí ní Grayson, tó ń sọ àwọ̀ tí ilẹ̀kùn yín máa jẹ́. Ìyá yín ráhùn nítorí ilẹ̀kùn yẹn títí mo fi bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n HOA kò sọ fún yín ibi tí ẹ máa kú sí... Ọ̀dọ̀fin sọ fún wa.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nílẹ̀ wa láyé ọjọ́un, tí ẹ bá sin bàbá yín síbì kan, ibẹ̀ ti di tiyín nìyẹn. Ta ló máa lé yín kúrò lórí òkú bàbá yín? Ta ló sì máa hú òkú? A kì í hú òkú. Àwọn ìjòyè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nígbà kan, kí wọ́n tó bí bàbá mi, abà kan wà lẹ́yìn òkè, bàbá wọn kú, wọ́n yára sin ín kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ní Ìlú. Bí ilẹ̀ yẹn ṣe bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀dọ̀fin nìyẹn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣe òfin tuntun. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kú sí abà mọ́. Òkú ọmọdé kò ká wọn lára, òkú ọmọdé kò di ilẹ̀ mú lójú tiwọn. Àgbà ni. Bí àgbà bá ti ń ṣàìsàn, wọ́n á gbé e jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni, láàyè. Ó ń mí, ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé e.

Ahéré kan wà lódìkejì odò, kò nílẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Àwọn ọmọ wọn lè gbé oúnjẹ lọ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn tì wọ́n. Ìyẹn náà wà nínú òfin. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Tí wọ́n bá kú tán, wọ́n á sin wọ́n sínú igbó Ọ̀dọ̀fin, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè tọ́ka pé bàbá mi rèé.

Ìṣojú mi ni wọ́n ti gbé Bàbá Àkànní. Ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, agbọ̀n ló ń hun. Òun ló máa ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún wa, tí a ò bá mọ̀ ọ́n á ní ká lọ bu omi wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè dìde kí Ajẹ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ni ẹni tí Ọ̀dọ̀fin fi ṣe ojú rẹ̀ lórí wa. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kì í pariwo mọ́ èèyàn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n so ẹní mọ́ igi méjì, wọ́n gbé Bàbá Àkànní lé e. Ẹ̀yin ọmọ mi... bàbá yẹn dìde jókòó lórí ẹní náà. Ó ń na apá. Ó ń sọ pé, "Ara mi ti yá. Ẹ wò mí, ara mi mà ti yá." Ó ń rẹ́rìn-ín sí Ajẹ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "A dúpẹ́, Bàbá, a dúpẹ́," wọ́n sì ń gbé e lọ.

Kò tètè kú. Tí a bá lọ pọnmi, à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lódìkejì, ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi máa ń di ọwọ́ mi mú gírígírí, á ní kí n má wẹ̀yìn.

Nítorí náà, àgbà kì í wúkọ́ ní abà wa. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Àgbà ò gbọdọ̀ wúkọ́, kò gbọdọ̀ tiro, kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó dìde. Wọ́n á jẹ orógbó títí ẹnu wọn á fi korò. Tí ikọ́ bá fẹ́ jáde, wọ́n á ki aṣọ bọ ẹnu. Àwa ọmọdé náà sì ní iṣẹ́ tiwa. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa, a kàn bá a níbẹ̀ ni. Bí àgbà kan bá ṣèèṣì wúkọ́, ọmọ tó sún mọ́ ọn jù á yára wúkọ́ lé e, ọmọ kejì á gbà á. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ọmọdé ló ń wúkọ́. Ọmọdé lè wúkọ́ bó ti wù ú, Ọ̀dọ̀fin ò bá ọmọdé wí. A máa ń ṣe é láìronú. Eré la rò pé a ń ṣe.

Wàyí o, ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀. Obìnrin líle ni. Ó ń gbé igi ìdáná tí ọkùnrin á wò lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá bínú, á kọ́kọ́ pa òṣé, lẹ́yìn náà á wá máa sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń sùn. Ọyẹ́ ọdún kan mú, eruku bo gbogbo nǹkan, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ sínú aṣọ. Lákọ̀ọ́kọ́ a ní ọyẹ́ ni. Ó ń rù. Egungun èjìká rẹ̀ ń yọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde nínú ilé. Tí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà, màá sáré wò ó bóyá Ajẹ́lẹ̀ ni. Mo ń ro ahéré yẹn. Mo ń rò ó pé ṣé orúkọ mi náà ló máa máa pè láti òdìkejì odò.

Ìgbà tí a kò retí Ajẹ́lẹ̀ ló dé, lọ́sàn-án gangan, òun àti ìránṣẹ́ rẹ̀. Tó bá dé, á dúró sí àárín abà, á máa kí àwọn àgbà lórúkọ, ẹni tó bá dárúkọ gbọ́dọ̀ jáde kó dá a lóhùn lórí ìdúró. Ìkíni ni, ẹ rí i? Ta ló máa ní ìkíni burú? Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "Ìyá, ṣé dáadáa ni?" Ìyá àgbà jáde. Ó fi ọwọ́ kan di òpó ilé mú, ó gbé èkejì lé mi léjìká. Ó wúwo. Mo rò pé màá ṣubú. Ó ní, "A dúpẹ́, Ajẹ́lẹ̀. Ará Ìlú ń kọ́?" Ohùn rẹ̀ jáde dáadáa. Ajẹ́lẹ̀ mi orí, ó ti ń yí padà...

Ikọ́ já lójijì. Kò ráyè mú aṣọ.

Mo wúkọ́. Kíá ni mo wúkọ́. Ọmọ ilé kejì gbà á. Àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé gbọ́, wọ́n gbà á. Ìyá àgbà ò sì dáwọ́ dúró, kò lè dáwọ́ dúró, nítorí náà àwa náà ò dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù ló jẹ́ ká ṣe é jù. Gbogbo ọmọ abà, láti ilé dé ilé, ń wúkọ́ bí ẹni pé ọ̀fun wọn fẹ́ já. Ọmọ kan wú u títí ó fi bì. Òmíràn jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ajẹ́lẹ̀. Ó fi etí agbádá bo imú. Ó ní, "Irú ikọ́ wo lèyí?" Gbogbo wa ṣáà ń wúkọ́. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Ikọ́ líle kan ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ lọ ní abà Balógun lọ́dún yẹn. Ajẹ́lẹ̀ yí padà, ó lọ, kò dágbére.

A rẹ́rìn-ín. Mi ò ní parọ́ fún yín, a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Bàbá mi gbé mi sókè. Ìyá àgbà pa òṣé, ó ní, "Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe." Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí màrìwò lójú ọ̀nà. Ẹ ò mọ màrìwò, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Atlanta. Imọ̀ ọ̀pẹ ni, tútù, wọ́n ta á láti igi kan dé èkejì. Tí wọ́n bá ta á sójú ọ̀nà, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Ẹni tó bá fi orí la á kọjá, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi wewu. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí kọ́kọ́rọ́, màrìwò lásán ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin líle á dé ibẹ̀ á padà sẹ́yìn. Ìránṣẹ́ Ajẹ́lẹ̀ dúró lókèèrè, ó kígbe pé Ọ̀dọ̀fin ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ó ní bí oṣù tuntun bá fi máa lé tí ikọ́ ṣì wà ní abà, wọ́n á fi iná sun ún.

Iná. Ẹ gbọ́ o. Nítorí ikọ́ tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ wá dojú rú. Tí a bá sọ òótọ́ pé kò sí àìsàn, ọmọdé ló ń tan Ajẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n máa ṣe fún wa? Wọ́n á gbé ìyá àgbà, wọ́n á sì lé wa kúrò nítorí ẹ̀tàn. Tí a ò bá sọ ọ́, iná. Iyọ̀ tán. Epo àtùpà tán. Kò sí ọjà. Àwọn tí wọ́n ń kí ara wọn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé wa ní ìwòkuwò. Ìyá mi ò jẹ́ kí n jáde mọ́. Bàbá mi gbé àdá sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń pọ́n ọn, ṣùgbọ́n àdá yẹn ti mú láti àná.

Wọ́n pe ìpàdé lábẹ́ igi. Bàbá Ṣadé, ọkùnrin kan ní abà wa, ló sọ ọ́. Èèyàn burúkú kọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó ní ọmọ nílé, ìyàwó rẹ̀ lóyún. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìyá kan ló ń ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ ká gbé e fún wọn, kí gbogbo abà má bàa jóná." Bàbá mi kàn ń wò ó. Mo wà lẹ́yìn bàbá mi, mo di aṣọ rẹ̀ mú. Ìyá àgbà jókòó níbẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Ẹ gbé mi." Bàbá mi ní, "Ẹ dákẹ́, Ìyá." Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó ti gbé ọwọ́ lé àdá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá dìde láti gbé e, bàbá mi máa fa àdá yọ, ẹ̀jẹ̀ sì máa ta sílẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ jẹun.

Ìyá Bàbá Ṣadé wà ní ìjókòó. Ìyá Onírànwú la ń pè é, òwú ló ń ran. Kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ó bọ́ gèlè orí rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e sí itan. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́. Ikọ́ tó ti pẹ́ nínú ni, ikọ́ tó ní ìdí, ó wú u jáde láìfi aṣọ bo ẹnu. Àwa ọmọdé la ẹnu láti gbà á. Ó na ọwọ́ sí wa pé ká dákẹ́. A dákẹ́. Ó tún wú u. Ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀.

Bàbá Ṣadé kò mọ̀. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, kò mọ̀. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Àgbà kejì wúkọ́. Ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn ni ó ti wà lára, ẹ rí i? Gbogbo wọn ti ń gbé e mì tipẹ́, oníkálukú rò pé òun nìkan ni. Bàbá Ṣadé wólẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Ìyá mi, èmi náà lẹ ń sá fún?" Ìyá Onírànwú ní, "Ta ni mi ò bá sá fún?"

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ìyá àgbà mọ́. Ẹ̀rù ò tíì lọ o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. A ń wo oṣù bó ṣe ń kéré sí i. Ìyá mi di ẹrù wa pọ̀, ó tú u, ó tún dì í. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn màrìwò yẹn, níbi tí Ajẹ́lẹ̀ ò lè dé, àwọn àgbà ń wúkọ́. Wọ́n ń tiro. Wọ́n ń dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá àgbà ní kí n ra òun lẹ́yìn, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá. Ọdún kan gbáko! Mo sunkún nígbà tí mo ń ra á.

Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ti yọ, lórí ẹní rẹ̀, nínú ilé rẹ̀. Bàbá mi gbé orí rẹ̀ sórí itan. Mo wà níbẹ̀. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo wa ló yí i ká. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, wọ́n sin ín. Bàbá Ṣadé ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́.

Ajẹ́lẹ̀ padà wá kí oṣù tó lé. Ó mú àwọn ọkùnrin wá, wọ́n gbé igi tí wọ́n fẹ́ fi tan iná lọ́wọ́. Ìyá mi gbé mi pọ̀n, mo ti dàgbà ju ẹni à ń pọ̀n lọ. Ajẹ́lẹ̀ dúró lẹ́yìn màrìwò, ó ní ṣé ikọ́ ti tán? Bàbá mi ní ó ti tán. Kò sí ọmọ tó wúkọ́. Àgbà náà ò wúkọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n há a mọ́ ọ̀fun. Ajẹ́lẹ̀ gbójú sókè, ó rí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ẹ̀rín rẹ̀ padà dé. Ó ní, "Ta ni ẹ sin síbẹ̀ yẹn?"

Bàbá mi ní, "Ìyá mi ni. Àìsàn náà ló mú un lọ."

Ajẹ́lẹ̀ ní, "Ta ló ní kí ẹ sin ín sórí ilẹ̀ Ọ̀dọ̀fin? Ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé àgbà lọ ni?"

Bàbá mi na ìka sí màrìwò. Ó ní, "Ajẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ dí ọ̀nà. Ibo lẹ fẹ́ ká gbà?"

Ajẹ́lẹ̀ wo màrìwò. Ó wo àwọn ọkùnrin tó kó wá, àwọn náà ń wò ó, gbogbo wọn ló mọ òfin. Ọwọ́ Ọ̀dọ̀fin ló ta màrìwò yẹn. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òkú ti wọlẹ̀, a kì í hú òkú, òkú àìsàn sì tún ni lójú tiwọn, ta ló máa súnmọ́ ọn? Wọ́n ju igi ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n lọ. Ajẹ́lẹ̀ ò tún wá kí àwọn àgbà lórúkọ mọ́ láéláé.

Ilẹ̀ di tiwa. Bàbá mi gbin obì. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Irọ́ tí a pa lẹ̀ mọ́ wa. Àwọn abà yòókù ní àìsàn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ní ọjà, wọ́n á fi ewé gba ẹrù lọ́wọ́ wa, kí ọwọ́ wọn má bàa kan tiwa. Èmi àti àwọn ọmọbìnrin abà wa, kò sẹ́ni tó wá fẹ́ wa láti ìtòsí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá àǹtí mi lọ sí ìlú tó jìnnà, ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá ìyá yín, tí mi ò sì sọ ibi tí mo ti wá fún un fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ wò ó, mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Dámi, o bi mí lánàá pé kí ló dé tí mo fi kúrò nídìí géèmù ọmọ yẹn. Màá sọ fún ẹ. Ìyá yín ń ṣe shift lóru, ó ń sùn lọ́sàn-án. Bàbá yín wà nídìí ẹrù ọkọ̀ òfuurufú ní College Park láti òwúrọ̀. Ẹ̀yin wà ní school. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa jókòó tì mí, mi ò dá yín lẹ́bi, bí ayé ṣe rí níbí nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tí ìyá yín ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní ibì kan wà ní Riverdale, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó ní ibẹ̀ mọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ dára. Ó ṣeé ṣe kó dára. Ìyá yín kì í ṣe Ọ̀dọ̀fin. Ọmọ mi ni, ó fẹ́ràn mi, ó ń ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀. Mo mọ gbogbo ìyẹn.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, tí ikọ́ bá ń ṣe mí, mo máa ń wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Mo máa ń ṣí omi kó máa dà, kí n tó wú u. Ní ọjọ́ orí mi yìí. Tí ó bá kí mi láàárọ̀, mo máa ń yára dìde dúró kí n tó dá a lóhùn. Kò ní kí n dìde. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ mọ̀wé, ẹ ní ilé tó dára. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ mi. Tí àgbà bá ń ṣe dáadáa jù nílé yín, ẹ súnmọ́ ọn, ẹ bi í léèrè. Ẹ jókòó pẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin ló ń sá fún.

Ìyá yín ò ní pẹ́ dé láti ọjà. Tó bá wọlé, mi ò ní wọ ilé ìwẹ̀. Mi ò ní ṣí omi. Màá jókòó sórí àga yìí, màá wúkọ́ létí rẹ̀, ohun tó bá wù ú, kó wá sọ ọ́ fún mi lójúkojú. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò purọ́. Dámi, wá síbí. Fọlá, ìwọ náà. Ẹ jókòó tì mí.